Ìlú Tí Òkun Kọlù, Tí Kò Kọ Òkun Sílẹ̀: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Ìbẹ̀wò sí Kesennuma

Alága wa, mo júbà. Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ẹ fi iṣẹ́ àti òwò sílẹ̀ lọ́sàn-án òní, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ètò, ẹ kú ìnáwó ọkọ̀. Ẹ̀yin ọmọ iléèwé tí ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ iwájú díẹ̀. Ẹ̀yin gan-an lẹ ni apá kan nínú ohun tí mo fẹ́ sọ.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìrìn àjò. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ti ń retí Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pọ̀ ń retí Dubai. Ìlú tí mo mú wá síwájú yín lónìí, ó ṣeé ṣe kí ẹ má tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Kesennuma ni wọ́n ń pè é. Ìlú èbúté ni, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Jàpáànù, ní ìpínlẹ̀ Miyagi. Ó rẹwà. Òkun sì ti bà á jẹ́ rí, ó bà á jẹ́ gidi.

Ìbéèrè kan ló ń yọ mí lẹ́nu kí n tó lọ síbẹ̀, òun náà ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn lọ gbafẹ́ níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti sunkún? Ṣé ó bójú mu ká máa jẹ ẹja dídùn, ká máa ya fọ́tò, níbi tí ìyá ti wá ọmọ rẹ̀ tí kò rí i? Ìdáhùn mi nìyí: ó tọ́. Ẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bí àlejò, ẹ má lọ bí òǹwòran. Àlejò ń wọlé, ó ń kí onílé, ó ń jẹ ohun tí wọ́n bá gbé ka iwájú rẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí onílé fúnra rẹ̀ sọ ìtàn ilé rẹ̀. Òǹwòran ń wo ìran, ó ń lọ.

Ìlú náà gan-an

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ìlú náà hàn yín. Láti Tokyo, ẹ ó wọ shinkansen, ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré bùrùbùrù yẹn, dé Ichinoseki. Ó tó nǹkan bíi wákàtí méjì. Níbẹ̀ lẹ ó ti bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń lọ́ láàárín òkè àti oko ìrẹsì. Ojú irin náà lọ́ kọ́lọkọ̀lọ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ dírágónì pè é. Òkè ni, igbó ni, oko ni, títí tí ẹ ó fi dé. Ẹ ò ní mọ̀ pé òkun ti sún mọ́ tòsí.

Sanriku ni wọ́n ń pe etíkun agbègbè yẹn. Àwọn òkè sọ̀ kalẹ̀ wọ inú omi, òkun náà sì gba àárín wọn wọlé, bí àlàfo tó wà láàárín ìka ọwọ́ tí a là sílẹ̀. Nínú àlàfo bẹ́ẹ̀ ni èbúté Kesennuma wà. Omi ibẹ̀ tòrò. Ẹ gun òkè Anba lówùúrọ̀, ẹ ó rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: èbúté pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ apẹja funfun, erékùṣù Oshima níwájú tí kò jẹ́ kí ìgbì agbami ráyè wọlé, afárá ńlá méjì tó na ọwọ́ lórí omi, àti òkè lẹ́yìn òkè títí ojú ò fi tó o mọ́.

Ìdí tí ìlú ẹja fi wà níbẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Lójú agbami níwájú Sanriku, omi gbígbóná tó ń ṣàn bọ̀ láti gúúsù, Kuroshio, ń pàdé omi tútù tó ń ṣàn bọ̀ láti àríwá, Oyashio. Níbi tí omi méjì bẹ́ẹ̀ bá ti pàdé, oúnjẹ ẹja máa ń pọ̀, ẹja náà á sì wọ́ wá. Láti ọdún 1997 ni Kesennuma ti di ibi tí wọ́n ti ń já ẹja katsuo tútù jù lọ ní gbogbo Jàpáànù. Ìbátan ẹja tuna ni katsuo. Wọ́n tún ń kó ẹja tí wọ́n ń pè ní sanma wá, ẹja onídà, àti ẹja ekurá. Ní ti ekurá, wọn kì í fi nǹkan kan ṣòfò lára rẹ̀: wọ́n ń jẹ ẹran rẹ̀, wọ́n ń sá lẹbẹ́ rẹ̀ gbẹ fún ọbẹ̀, wọ́n ń lo awọ rẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ń gé ọkàn rẹ̀ jẹ ní tútù.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Ohun tó fún ìlú yẹn lẹ́wà náà ló fi í sínú ewu. Àlàfo tó ń fi èbúté pamọ́ fún ìgbì ojoojúmọ́, bí ìgbì sùnámì, ìgbì ńlá tí ilẹ̀ mímì lábẹ́ òkun máa ń dá sílẹ̀, bá gba ẹnu rẹ̀ wọlé, ibi tó fẹ̀ ló ti wọlé, ibi tóóró ló ń forí lé. Omi kò ní ibòmíràn tí yóò yà sí. Òkè ló máa gbéra sí. Àwọn ará Sanriku mọ èyí tipẹ́. Ní ọdún 1896, sùnámì pa nǹkan bí 22,000 ènìyàn ní etíkun yẹn. Ó tún dé ní 1933. Ní 1960, ilẹ̀ mì ní Chile, ní òdìkejì òkun ńlá Pàsífíìkì, ìgbì rẹ̀ sì rìn fún bí ọjọ́ kan gbáko kó tó wá lu Sanriku. Àwọn baba wọn gbẹ́ òkúta sí ojú ọ̀nà láti kìlọ̀ fún ọmọ. Wọ́n sì padà sídìí ẹja. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta, ọdún 2011

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ẹ ti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà náà.

Ní aago mẹ́ta ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, ilẹ̀ mì lábẹ́ òkun pẹ̀lú agbára tí wọ́n wọ̀n sí 9.0. Kò pé wákàtí kan tí omi fi wọ Kesennuma. Àwọn táńkì epo ọkọ̀ ojú omi tó wà létí èbúté fọ́, epo dà sórí omi, iná sì ràn. Omi ń jó. Àwókù ilé tí iná ti mú ń léfòó káàkiri nínú òkùnkùn, ó ń tan iná náà ká. Erékùṣù Oshima ń jó, ọ̀nà ilẹ̀ kò sì sí níbẹ̀ nígbà náà. Ní ìlú yìí nìkan, ó ju 1,200 ènìyàn lọ tó kú tàbí tí a kò rí mọ́. Ní gbogbo Jàpáànù, àwọn tó kú tó nǹkan bí 15,900, nǹkan bí 2,500 sì ni a kò rí títí dòní. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ rì ju ìdajì mítà lọ, tó fi jẹ́ pé fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, bí òkun bá kún, omi á wà lójú títì.

Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, ibi tí mo ti ní ọ̀rọ̀ fún yín rè é. Iléèwé gíga kan wà níbẹ̀, Koyo ni orúkọ rẹ̀, ẹ̀bá òkun gan-an ló wà. Nígbà tí ilẹ̀ mì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà tó nǹkan bí 170. Wọn ò jókòó dúró. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sí tẹ́ḿpìlì kan tó ga ju iléèwé wọn lọ. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọ́n ní ibẹ̀ kò ga tó. Wọ́n tún rìn lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin. Wọ́n ní kò tíì tó. Wọ́n tún rìn títí dé iléèwé mìíràn lókè. Omi gun iléèwé wọn dé àjà kẹrin. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ yẹn tó bá omi lọ. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ọ̀kankan kò bá a lọ. Wọ́n kàn kọ̀ láti sọ pé "ó ti tó" ni, nígbà tí kò tíì tó.

Wọ́n ti sọ ilé náà di ilé ìrántí láti ọdún 2019. Mo wọ inú rẹ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ṣì wà nínú kíláàsì lórí àjà kẹta, ó dorí kodò, omi ló gbé e síbẹ̀. Ìwé, àga, pákó, gbogbo rẹ̀ wà bí omi ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Níbẹ̀ náà ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ọmọkùnrin kan sọ ní ọjọ́ tó parí iléèwé Hashikami, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Koyo sá gun. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹta ni, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí omi dé. Inú gbọ̀ngàn tí àwọn tí kò nílé mọ́ ń sùn ni wọ́n ti ṣe ayẹyẹ náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ti kú. Ọmọ náà ń sunkún bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní àdánwò yìí korò ju ohun tí àwọn lè gbé mì lọ, ṣùgbọ́n àwọn kò ní bínú sí ọ̀run, àwọn yóò fara da àyànmọ́, àwọn yóò sì máa ran ara àwọn lọ́wọ́, nítorí iṣẹ́ tí a rán àwọn nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Èmi náà sunkún, mi ò tijú láti sọ ọ́ fún yín.

Ọkọ̀ tó wà láàárín ilé

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: ta ló ni ìtàn ìlú tó ti rí àjálù?

Omi gbé ọkọ̀ apẹja kan, Kyotoku Maru kejìdínlógún, ó gùn tó 60 mítà, ìwọ̀n rẹ̀ 330 tọ́ọ̀nù, ó gbé e kúrò ní èbúté ju ìdajì kìlómítà lọ, ó sì gbé e kalẹ̀ sí àdúgbò Shishiori láàárín ilé. Nígbà tí wọ́n palẹ̀ àwókù ilé mọ́ tán, ọkọ̀ náà nìkan ló dúró lórí ilẹ̀ gbalasa, odi rẹ̀ pupa àti búlúù. Àwọn àlejò ń wá láti ìlú òkèèrè. Wọ́n ń ya fọ́tò. Àwọn kan ń gbàdúrà, wọ́n ń fi òdòdó sílẹ̀.

Baálẹ̀ ìlú, ìyẹn olórí ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, fẹ́ kí ọkọ̀ náà dúró, kí ó jẹ́ ìrántí fún ìran tó ń bọ̀. Ìmọ̀ràn yẹn kò burú. Ìrántí ń gba ẹ̀mí là, àwọn òkúta àwọn baba ńlá wọn jẹ́rìí sí i. Ó sì ń mú àlejò wá, àlejò ń mú owó wá, ìlú sì nílò owó. Ẹ̀yin náà, kí lẹ ò bá sọ?

Wọ́n bi àwọn ará ìlú léèrè ní ọdún 2013. Nínú ọgọ́rùn-ún tó dáhùn, nǹkan bí 68 ló ní kí wọ́n gbé e kúrò. Ìdí rẹ̀ kò ju èyí lọ: ojoojúmọ́ ni àwọn ń rí i. Ẹni tó ń lọ ra búrẹ́dì ń rí i. Ẹni tó pàdánù ìyàwó rẹ̀ ń rí i bó bá ṣílẹ̀kùn. Àlejò rí i lẹ́ẹ̀kan, ó ní ó kan òun lọ́kàn, ó wọ ọkọ̀, ó lọ. Wọ́n tú ọkọ̀ náà palẹ̀ nígbà ìwọ́wé ọdún yẹn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn kan sọ pé àṣìṣe ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbé inú ọgbẹ́ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bóyá kí wọ́n bò ó tàbí kí wọ́n ṣí i sílẹ̀. Ìlú náà kò sì gbàgbé: wọ́n tọ́jú iléèwé Koyo, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ rántí lè lọ, tí ẹni tí kò tíì lè wò ó sì lè gba ọ̀nà mìíràn kọjá. Àwọn ló yan èyí tí wọn yóò fi hàn àti èyí tí wọn kò ní fi hàn. Nígbà tí a bá lọ síbẹ̀, èyí tí wọ́n fi hàn ni ká wò.

Ògiri

Lẹ́yìn àjálù, ìjọba pinnu láti mọ ògiri ìdènà omi yí etíkun Sanriku ká. Ògiri kọnkéré, ibòmíràn tó mítà mẹ́wàá, ibòmíràn jù bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn láti lóye ìdí. Ìjọba tí omi ti pa ará ìlú rẹ̀ báyẹn kò lè káwọ́ gbera.

Ṣùgbọ́n apẹja ń wo òkun kó tó jáde nílé. Àwọ̀ omi, ìró rẹ̀, ibi tí ẹyẹ ń fò sí, gbogbo rẹ̀ ló ń sọ nǹkan fún un. Bí ẹ bá mọ ògiri dí ojú rẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé òkun ti yí padà? Àwọn ará Kesennuma bẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Ìpàdé lórí ìpàdé, ọdún lórí ọdún. Wọ́n pe onímọ̀, wọ́n pe aṣojú ìjọba, wọ́n ka ìwé òfin. Àwọn kan fẹ́ ògiri, àwọn kan kò fẹ́, aládùúgbò sì ń bá aládùúgbò jiyàn. Kò rọrùn.

Ẹ wo ohun tó jáde nínú rẹ̀. Ní àdúgbò èbúté àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Naiwan, wọ́n gbà láti mọ ògiri tó kúrú ju èyí tí ìjọba kọ́kọ́ gbé wá, wọ́n sì fi ìlẹ̀kùn sórí rẹ̀ tí omi fúnra rẹ̀ yóò gbé dìde bí ó bá kún. Wọ́n kọ́ ilé ìtajà àti ilé oúnjẹ gbára lé ògiri náà, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá jókòó lókè, ẹ ń mu kọfí, òkun ló wà níwájú yín. Mo jókòó níbẹ̀ pẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ní Sendai, olú ìlú ìpínlẹ̀ Miyagi, tó mú mi lọ, tó sọ fún mi pé ògiri wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Ní Oya, ìrísí rẹ̀ tún yàtọ̀. Etíkun oníyanrìn kan wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọ ti ń lúwẹ̀ láti ayé baba wọn. Ògiri tí ìjọba gbé wá, mítà 9.8 ni gíga rẹ̀, orí yanrìn náà gan-an ni wọ́n sì fẹ́ mọ ọ́n sí. Ògiri yóò dúró, yanrìn yóò lọ. Àwọn ará ibẹ̀ ò kàn ṣe ìwọ́de kí wọ́n máa pariwo pé "a kò fẹ́." Wọ́n lọ jókòó, wọ́n ronú, wọ́n padà wá pẹ̀lú àbá tiwọn: ẹ gbé títì ńlá tó kọjá lẹ́yìn etíkun sókè, kí títì náà fúnra rẹ̀ di ògiri, kí yanrìn padà wá. Ọ̀nà kan ò wọjà. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ìjọba gbà. Ní oṣù keje ọdún 2021, àwọn ọmọdé tún wọ omi ní Oya.

Mo dúró lórí títì yẹn. Ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá lẹ́yìn mi, yanrìn wà níwájú mi. Ọ̀rọ̀ Àyétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ló wá sọ́kàn mi, mi ò lè ṣàì sọ ọ́ níbí. Ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí iṣẹ́ ọwọ́ àti ìṣọ̀kan, òkun ti gbé ilé lẹ́yìn ilé níbẹ̀. Ọdún mélòó ni wọ́n ti fi ń kígbe? Ta ló ti bá wọn jókòó ní ìpàdé bíi ti Oya? Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá máa dènà omi fún Àyétòrò, kó kọ́kọ́ lọ bi àwọn ará Àyétòrò.

Ọkùnrin tó ń gbin igi fún òkun

Mo ti ń retí láti dé ibi yìí, torí òun ló dùn mọ́ mi jù.

Ní Moune, abúlé kékeré kan lábẹ́ Kesennuma, ọkùnrin kan wà tó ń sin oyster, ẹran oníkarahun tí wọ́n ń so rọ̀ sínú omi láti ara ọkọ̀ àfipákóṣe. Hatakeyama Shigeatsu ni orúkọ rẹ̀. Ó kíyè sí i pé omi ń dọ̀tí, oyster ń kú, omi tilẹ̀ ń pupa nígbà mìíràn. Àwọn ẹlòmíràn wo òkun. Òun wo òkè. Ó ní omi tó ń wọ èbúté wa, òkè ló ti ń ṣàn bọ̀. Bí igbó tó wà lókè bá bàjẹ́, òkun náà bàjẹ́ nìyẹn. Ní ọdún 1989, ó kó àwọn apẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sórí òkè Murone, níbi tí odò wọn ti ń ṣàn bọ̀, wọ́n gbin igi. Ẹ fojú inú wò ó: àwọn apẹja, tàwọn ti àsíá ọkọ̀ wọn, lórí òkè, wọ́n ń gbin igi! Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe iṣẹ́ náà ni pé igbó jẹ́ olólùfẹ́ òkun.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ewé tó bá jẹrà nínú igbó máa ń mú kí irin inú ilẹ̀ lè bá omi odò rìn dé òkun. Àwọn ewéko tíntìntín inú omi, tí ojú kò lè rí, nílò irin yẹn láti dàgbà. Oyster ń jẹ ewéko náà. Ẹni tó gé igbó, oúnjẹ oyster ló gé.

Omi 2011 gbé gbogbo ohun ìsìn rẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ náà bá omi lọ. Ẹ̀rù bà á pé òkun ti kú. Ẹja kékeré kan kò sí. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Kyoto àti ibòmíràn wá yẹ omi wò, wọ́n ní kó má sọ̀rètí nù: oúnjẹ oyster ti kún inú omi ju bí òun fúnra rẹ̀ ti rò lọ. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Oyster yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ará Moune sì sọ fún ìjọba pé àwọn kò fẹ́ ògiri rárá. Wọ́n kó ilé wọn lọ sókè, wọ́n fi etí omi sílẹ̀ fún omi. Ní ọdún 2012, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pè é ní akọni igbó. Ó papò dà ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ṣùgbọ́n igi gbíngbin ń bá a lọ.

Ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú, ó kàn wá. Nígbà tí àrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo oyster ilẹ̀ Faransé run ní nǹkan bí ọdún 1970, ọmọ oyster láti Miyagi ni wọ́n kó lọ síbẹ̀ tó gbà wọ́n là. Nígbà tí omi wá pa Sanriku run ní 2011, àwọn ará Faransé tó ń sin oyster kó irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ní àwọn ń san gbèsè padà ni. Oore kì í gbé.

Ìlú ṣì ń ṣe é lọ

A máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe rere ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rọra lò ó. Ọba ní ìlú tó máa bá a kọ́lé. Ilé apẹja ńkọ́?

Kesennuma ti ṣe gudugudu méje. Ọjà ẹja wọn tún ṣí ní oṣù kẹfà 2011, oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn àjálù, wọ́n sì tún ṣe ipò kìíní nínú katsuo lọ́dún yẹn náà. Afárá Oshima ṣí ní 2019, ti ẹnu èbúté ṣí ní 2021. Wọ́n dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní 2012, níbi tí àwọn obìnrin ìlú ti ń fi ọwọ́ hun ẹ̀wù òtútù, àwọn èèyàn ń forúkọ sílẹ̀ láti rà á. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé ìlú yẹn tó nǹkan bí 74,000 kí omi tó dé, wọn kò tó 60,000 mọ́ báyìí. Ojú irin tó gba etíkun lọ sí gúúsù kò padà. Bọ́ọ̀sì ló ń sáré lórí ipa ọ̀nà rẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ gbé sókè fún ilé kíkọ́, ibi púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì ṣófo. Ọ̀dọ́ ń lọ sí Sendai, wọ́n ń lọ sí Tokyo. Ìdí tí àlejò fi ṣe pàtàkì nìyí. Kì í ṣe àánú ni wọ́n ń béèrè. Oníbàárà ni wọ́n ń wá.

Bí ẹ bá ń lọ

Àwọn àgbà ní ojú àlejò ló là, kò fi ríran. Ẹ lọ bẹ ará ìlú lọ́wẹ̀ ojú tiwọn. Àwọn ará ìlú wà tí iṣẹ́ wọn ni láti mú àlejò rìn, kí wọ́n sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn. Ẹ gba ọ̀kan nínú wọn, ẹ san owó wọn, ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Ẹ má bi wọ́n léèrè ẹni mélòó ló kú nílé wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ, wọ́n á sọ.

Ẹ jí ní ìdájí lọ sí ọjà ẹja. Àyè wà lókè ilé ọjà náà tí àlejò lè dúró sí wo bí wọ́n ṣe ń ta katsuo ní gbàǹjo. Bí ẹ bá ṣe kòńgẹ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ ń jáde lọ sí agbami, ẹ má lọ síbòmíràn. Àwọn obìnrin ìlú á wá, àwọn ìyàwó, àwọn ìyá, àwọn tó ni ilé oúnjẹ, wọ́n á máa ju àsíá, wọ́n á so rìbọ́ọ̀nù aláràbarà mọ́ ọkọ̀, wọ́n á sì máa juwọ́ títí ọkọ̀ fi kọjá abẹ́ afárá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó wà nínú àwọn ọkọ̀ yẹn, ọmọ Indonesia ni wọ́n. Ààrẹ Indonesia nígbà náà, Yudhoyono, wá sí Kesennuma ní oṣù kẹfà 2011, òun tí sùnámì 2004 ti ba Aceh, agbègbè kan ní ilẹ̀ tirẹ̀, jẹ́. Ojú àjèjì kì í ya ará ìlú yẹn lẹ́nu. Ọmọdé kan kàn kí mi ni, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ sùn níbẹ̀. Mo tún un sọ: ẹ sùn níbẹ̀. Ẹni tó ya fọ́tò láàárọ̀ tó padà sí Sendai nírọ̀lẹ́ kò fi owó sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó bá fẹ́ òdòdó, oṣù karùn-ún ni kí wọ́n lọ, nígbà tí òdòdó azalea bá bo orí òkè Tokusenjo, gbogbo rẹ̀ á pọ́n. Àwọn tó bá fẹ́ katsuo, kí wọ́n dúró de ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn títí wọ ìgbà ìwọ́wé. Àwọn tó bá fẹ́ oyster, ìgbà òtútù ni. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta sì wà fún ẹni tó bá fẹ́ bá wọn dúró. Ní aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, fèrè á dún káàkiri ìlú, gbogbo ènìyàn á dákẹ́. Bí ẹ bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ fi kámẹ́rà sínú àpò.

Mo rí ọwọ́ tó ti ń nà sókè lẹ́yìn. Alága, bí àyè bá wà, mo ṣetán láti gba ìbéèrè. Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́ o.